WhatsApp lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: ó dára fún ìkéde, ó kù díẹ̀ káàtó fún ìpamọ́

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n ti sún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òwúrọ̀ sí ọ̀sán, kò ní sọ pé ara pátákó ìkéde lòun ti kà á. Kì í ṣe inú ìmeèlì tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí fún un náà, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń wá èsì ìdánwò nìkan la máa ń rántí rẹ̀. Gúrúùpù WhatsApp kíláàsì ló ti rí i. Láti ìgbà tí a ti wà ní ọdún kejì ni mo ti ń ṣe aṣojú kíláàsì wa, a sì lé ní 300. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n mọ áàpù náà tinú-tòde, nítorí pé òun ni mo fi ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wákàtí oorun wọn kò dọ́gba, tí dátà wọn kò dọ́gba, tí fóònù wọn náà kò sì dọ́gba.

Kí n tètè sọ èrò mi. Nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́wọ́, n kò tíì rí èyí tó yá ju WhatsApp lọ láti fi kéde nǹkan. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí kíláàsì kankan sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí. Kíláàsì tó bá fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ wọn nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ la gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ibi eré. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà yunifásítì ni Facebook ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2004, ní Harvard ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Mark Zuckerberg, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìmeèlì yunifásítì náà kò lè wọlé. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ ń bẹ níbẹ̀, àwọn yòókù ló wá bá wọn. WhatsApp, tí Jan Koum àti Brian Acton dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, tí Facebook sì rà ní ọdún 2014, kò bèèrè ìmeèlì ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà fóònù ló bèèrè. Nọ́ńbà yẹn ló jẹ́ kí kíláàsì lè kóra jọ láàárín ọjọ́ kan, òun náà ló sì fa ohun tó ń kọ mí lóminú jù lọ nípa áàpù yìí. Màá dé ibẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń retí kọ́kọ́ ni ìdáhùn kíákíá. Bí ẹnìkan bá béèrè ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé yàrá wo la ó ti ṣe ìdánwò ọ̀la, orúkọ yàrá ló ń wá, kò wá àlàyé. Àmọ́ bí mo ṣe ń pẹ́ lórí iṣẹ́ yìí ni mo ń rí i pé ọ̀pọ̀ ìbéèrè inú gúrúùpù kì í ṣe nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan ni nǹkan náà kò yé. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìbéèrè kẹta yìí yé?” tí àwọn mélòó kan sì dá a lóhùn pé kò yé àwọn náà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á lè jókòó ti iṣẹ́ náà. Mo ti rí i tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kó odidi tábìlì kan jọ sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ kejì, tí àwọn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí ń yanjú ìṣirò pọ̀. Ojúlé ilé ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé, nítorí pé kò sí ẹni tó ń tijú níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tu èèyàn nínú.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wa kì í sọ ohunkóhun. Àwọn díẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń kà. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aṣojú kíláàsì, ẹ má ṣe pè wọ́n ní aláìbìkítà. Bí ẹ bá tẹ ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ wo àlàyé rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ti kà á, títí kan àwọn tí ẹ kò gbọ́ ohùn wọn rí. Ẹni tó ti pa àmì búlúù tó ń fi hàn pé a ti ka ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ kò lè pa á nínú gúrúùpù. Nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọ kíláàsì wa kan tí kì í kọ ju “ẹ ṣé” lọ ló máa ń ka ìkéde ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó sọ fún mi pé òun ń kọ gbogbo ọjọ́ tí mo bá kéde sínú ìwé àkọsílẹ̀ òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń kéde fún.

Kí WhatsApp tó fẹ gúrúùpù lójú, èèyàn 256 péré ni ọ̀kan ń gbà. Kíláàsì ńlá ní láti pín ara rẹ̀ sí méjì, ìkéde á sì dé ọ̀dọ̀ apá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Lọ́dún 2022 ni wọ́n gbé e dé 512, tí wọ́n sì tún gbé e dé 1,024 kí ọdún náà tó parí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú ètò tí wọ́n ń pè ní Communities jáde, tó ń kó ọ̀pọ̀ gúrúùpù sábẹ́ òrùlé kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìkéde, níbi tó jẹ́ pé àwọn ádímìn nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Báyìí gan-an ni mo ṣe to tiwa. Yàrá ìkéde kan wà tí kò sí ariwo níbẹ̀. Yàrá ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jiyàn níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pa ìró yàrá náà lẹ́nu mọ́ lórí fóònù rẹ̀, kó pa á. Láti ìgbà tí a ti ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bi mí ní ohun tí mo ti kéde tẹ́lẹ̀ ti dín kù gan-an.

Ètò ìdìbò inú WhatsApp náà dára. Tí a bá fẹ́ mú ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfirọ́pò, n kò ní láti ka “èmi náà” àti “mo fara mọ́ ọn” títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àléébù kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: nínú gúrúùpù wa, gbogbo èèyàn ló lè wo ohun tí oníkálukú dìbò fún. Ọjọ́ àti wákàtí kò ní kí ẹnikẹ́ni tijú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi kíláàsì bóyá ẹ̀kọ́ àná yé wọn, ọ̀pọ̀ yóò tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí ojú ayé. Telegram ní ìdìbò tí kì í fi orúkọ hàn, òun ni mo fi ń bèèrè irú ìbéèrè yẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ohùn tí a ń gbà sílẹ̀. Láti ọdún 2021 ni WhatsApp ti jẹ́ ká lè gbọ́ ọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lò ó dáadáa. Fún àlàyé ẹ̀kọ́, n kò lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé lè fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta tú ohun tí ojú ewé mẹ́wàá ń dì. Fún ìkéde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó wà ní ilé ìkàwé kò lè gbọ́ ọ. Ẹni tó ń wá ọjọ́ ìdánwò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kó fi ṣàwárí rẹ̀. Olùkọ́ wa kan wà tí mo fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe tirẹ̀: ọjọ́, wákàtí àti yàrá ló máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́, ohun tí a ó mú dání á wà ní ìlà kejì, ó parí. Bó bá ṣe àṣìkọ, ó ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe, àwa náà á sì rí i pé ó ti tún un ṣe.

Fọ́tò ìkéde tún wà, èyí sì ká mi lára ju ti ohùn lọ. Ọ̀kan nínú ẹlẹgbẹ́ wa kò ríran. Fóònù rẹ̀ ló ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí i létí. TalkBack ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lórí fóònù Android, VoiceOver ló ń ṣe é lórí iPhone. Bí a bá tẹ ìkéde ní ọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ ọ tán kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mú fóònù wọn. Bí ẹnìkan bá ya fọ́tò bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, tó sì jù ú sí gúrúùpù, fóònù á sọ fún un pé fọ́tò ti dé, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní láti wá ẹni tí yóò kà á fún òun, bóyá ní alẹ́ tí ìdánwò bá kù ọ̀la. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, owó ilé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ san. Nítorí rẹ̀ la ṣe fi òfin kan sí ojú gúrúùpù wa: ẹni tó bá fi fọ́tò ìkéde ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó sì ṣe gbogbo kíláàsì láǹfààní, nítorí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ṣeé wá, ọ̀rọ̀ inú fọ́tò ṣòro láti wá. Mo rọ gbogbo aṣojú kíláàsì tó bá ń ka èyí láti ṣe é lónìí.

Ní ti ìpamọ́, WhatsApp kò tó. Fáìlì tó tóbi dé 2GB lè gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ìwé wa kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìwọ̀n ni ìṣòro. Inú fóònù oníkálukú ni fáìlì ń gbé. Ẹni tí kò bá tètè gbà á sílẹ̀, tó ní òun á gbà á tí dátà bá wà, lè padà débẹ̀ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ kí áàpù ní kó bẹ ẹni tó fi ránṣẹ́ pé kó tún un fi ránṣẹ́. Ẹni tó ra fóònù tuntun láì ṣe ìpamọ́ èyí tó wà lórí ti àtijọ́ ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tó sì darapọ̀ mọ́ kíláàsì ní àárín sáà kì í bá gbogbo ohun tí a ti sọ kó tó dé. Ọ̀rọ̀ tí a kàn mọ́ òkè gúrúùpù kì í sì pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ, lẹ́yìn náà a ní láti tún un kàn. Gbogbo èyí bá ohun tí wọ́n ṣe áàpù náà fún mu, ìyẹn kí èèyàn bá èèyàn sọ̀rọ̀. Sáà ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ ń gba oṣù mẹ́rin, márùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń retí pé ohun tí òun rí ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ibẹ̀ ni Telegram ti ń gbé ipò iwájú. Àwọn arákùnrin méjì, Pavel àti Nikolai Durov, ló gbé e jáde ní ọdún 2013. Gúrúùpù rẹ̀ lè gba èèyàn 200,000, àwọn fáìlì sì ń gbé orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Telegram fúnra rẹ̀, nítorí náà fóònù tó bàjẹ́ kò kó ìwé lọ. Ẹni tó bá wọ ṣánẹ́ẹ̀lì tí a ń kó ìwé kíláàsì sí níbẹ̀ lónìí á yí ojú sókè títí dé ìwé àkọ́kọ́ tí a gbé síbẹ̀. A tún lè fi orúkọ tí a yàn jẹ́ ara wa, láì fi nọ́ńbà han ẹnikẹ́ni. Ohun kan ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti àwọn tó gbà á nìkan ló lè kà á, gúrúùpù náà sì wà lára rẹ̀. Gúrúùpù Telegram kò ní irú títì bẹ́ẹ̀, ìbánisọ̀rọ̀ bòókẹ́lẹ́ láàárín ẹni méjì nìkan ló ní in. Fún àkójọ ìwé kíláàsì, kò sí wàhálà. Fún ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Irọ́ ìdánwò jẹ́ àrùn mìíràn. Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bá ń bọ̀ ni ó máa ń jà: wọ́n ti sún un síwájú, wọ́n ti fagi lé e, ìbéèrè ti jáde. WhatsApp gbìyànjú. Láti ọdún 2019 ni kò ti jẹ́ kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó sì di ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, tó ní ọfà méjì lára, ibì kan ṣoṣo ló lè tún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n irọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà rìn bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ojú fóònù ni wọ́n ń yà, fọ́tò tuntun kò sì ní ọfà kankan, ó dà bíi pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ló fojú rí i. Àtúnṣe kan ṣoṣo tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí yàrá ìkéde wà, kí gbogbo kíláàsì sì mọ̀ pé ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀.

Instagram, TikTok àti X ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi àti ojú ayé ló ń bá lọ. YouTube ló yàtọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ la ń lọ bí ẹ̀kọ́ kò bá yé wa ní kíláàsì, a lè dá a dúró, a lè dá a padà, a lè mú kó yára. Ní ti ojú òpó tí àwọn yunifásítì fúnra wọn ń gbé kalẹ̀, fọ́tò ayẹyẹ ló ń kún ibẹ̀, ọ̀gá kan ń bọ ọ̀gá mìíràn lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ohun tí a ń retí níbẹ̀ kò ju pé kí ẹnìkan dáhùn lọ.

Ṣé ó yẹ kí olùkọ́ wà nínú gúrúùpù? Ní yàrá ìkéde, bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ní yàrá ọ̀rọ̀, rárá. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá wọlé síbẹ̀ ni “ta ni ìbéèrè kẹta yé?” máa parí, ẹni tí kò yé á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti sùn. Kò yẹ kí a máa retí pé kó dá wa lóhùn lóru nítorí pé a rí i pé ó ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ fún ni pé ohunkóhun tó bá kan máàkì kò gbọdọ̀ wà lórí WhatsApp nìkan. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́, ẹni tí kò ní dátà, àti ẹni tí kò fẹ́ lo áàpù náà rárá, gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ láti rí i níbòmíràn.

Fún ìkéde, mo fún WhatsApp ní ìràwọ̀ mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Fún ìpamọ́, méjì. Ní ti ààbò nọ́ńbà, n kò lè fún un ju ìkan ààbọ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá wọ gúrúùpù lè rí nọ́ńbà àwọn tó wà níbẹ̀, líǹkì tó sì ń múni wọlé lè jábọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà bóyá àwọn lè fi nọ́ńbà mìíràn wọlé, kí èyí tí ẹbí wọn mọ̀ má bàa tàn káàkiri. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ààbò bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ yàrá ìdánwò. Nínú ṣánẹ́ẹ̀lì tí WhatsApp mú jáde ní ọdún 2023, àwọn tó ń tẹ̀ lé e kì í rí nọ́ńbà ara wọn. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn nínú gúrúùpù kíláàsì, níbi tí a ti lè béèrè ọ̀rọ̀ tí a sì lè dáhùn. Ní báyìí ná, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń pa líǹkì àtijọ́, màá ṣe tuntun, màá wá tan àṣẹ tó ní kí ádímìn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, mo sì ń fi orúkọ ẹni tó bá fẹ́ wọlé wé àkọsílẹ̀ kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan.